Bọ́tìnì Nínú Ife Ẹ̀rín

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ẹ̀rọ tuntun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Ooru yàrá ìlọṣọ pọ̀ débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi fẹ́ yọ́ mọ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: ẹnì kan á dúró níwájú, á máa ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù sáàárín rólà gbígbóná méjì, ẹnì kejì á wà lẹ́yìn, á máa gba èyí tó ti gbẹ tó ti jọ̀lọ̀. Okùn pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á. Èmi wà lẹ́yìn, Àǹtí Jẹ́jẹ́ wà níwájú, bí a ti máa ń wà láti ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń ká aṣọ. Tí mo bá fa igun tèmi, òun náà á fa tirẹ̀, a ò nílò ẹnu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni igun aṣọ ká mọ́ rólà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ké pé, "Àbúrò, fà á!" Mo fa okùn, ẹ̀rọ dúró, ó tún aṣọ ṣe, iṣẹ́ ń lọ. Ó ní ẹ̀rọ yìí dà bí ọmọ tó ń yọ eyín, ohun tó bá ti kàn án lẹ́nu ló fẹ́ gé jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Òjò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọṣẹ tún ti gbówó lórí. Ọ̀gá kéde rẹ̀ fún wa bíi pé àwa la sè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ̀gá pè mí sókè. Onítáì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí Ọ̀gá gbà síṣẹ́ láti bójú tó àyípadà ilé iṣẹ́. Bí ooru ti wù kó mú tó, kì í tú táì yẹn. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa wà nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ á máa já sórí tábìlì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn á lọ sí yàrá ìfọṣọ. Èmi ní tèmi, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó. Èmi ni n ó máa gbé ohùn àwọn òṣìṣẹ́ wá sókè, torí Onítáì ní àyípadà tí kò bá gbọ́ èsì lẹ́nu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́, ṣíṣubú ló máa ṣubú.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Èsì àkọ́kọ́ rèé o: ẹ̀yìn ni okùn ìdádúró wà. Tí ẹnì kankan ò bá sí lẹ́yìn mọ́, ta ni yóò fà á?"

Ọ̀gá wo Onítáì. Onítáì ní ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn yòókù, kó má baà jẹ́ èrò ẹnì kan.

Mo sọ fún Bàbá ilé, ọkọ mi tó ń ṣe bàtà. Ó ní, "Abéèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ ìdí rẹ̀ gbọ́. Ó ti bèèrè. Ẹ sọ fún un." Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tó jẹ́ pé bàtà oníbàtà ló ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá gbọ́ tẹnu wọn. Mo ti sọ fún gbogbo obìnrin inú yàrá náà láti àárọ̀ pé tó bá bèèrè, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ okùn. Rédíò, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ti fi ẹ̀rọ náà ré títí dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹni tó rọ ọ́.

Ọ̀gá wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣé, sà!"

"Ẹ̀rọ tuntun ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà!" Ohùn Rédíò ló ròkè jù.

"Kò sí wàhálà kankan?"

"Kò sí o, sà. Ọlọ́run á máa fún yín ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo yíjú sí Rédíò. "Ta ló di ẹnu rẹ?" Ó ní, "Ẹni tó kí mi dáadáa láàárọ̀ ni kí n máa ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn? Ṣé a ò kọ́ mi nílé ni?"

Mo sáré tẹ̀ lé Ọ̀gá dé orí àtẹ̀gùn. Mo ní, "Sà, kíkí lẹ kí wọn, wọ́n sì dá yín lóhùn kíkí. Wọn ò tíì dáhùn ìbéèrè." Ó ní etí òun lòun fi gbọ́. Mo ní Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe sọ pé iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni kí òun gbé okùn náà wá síwájú. Ó ní àwọn tó ta ẹ̀rọ sọ pé ẹni tó bá tú u, tó bá bàjẹ́, kó má padà wá bá àwọn. Ó ní kí n ní sùúrù.

Ọjọ́rú, 12

Onítáì ti dá ọgbọ́n kan. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn èèyàn láti la ẹnu, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lanu mọ́. Ó to ife mẹ́ta sórí pákó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ya ojú sára páálí lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tó kàn ń wòran, ojú tó ń sunkún, omijé méjì lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí oníkálùkù bá ti ń wọlé láàárọ̀, kó sọ bọ́tìnì kan sínú ife tó bá bí iṣẹ́ ṣe rí lára rẹ̀ mu. Bọ́tìnì kì í wọ́n wa. Ìgò ńlá kan kún fún èyí tó já lára aṣọ oníbàárà. Kò sẹ́ni tó máa mọ tẹnì kan.

Mo yin ọkùnrin náà nínú mi. Mo ní ọmọ yìí lórí pípé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Gbogbo bọ́tìnì ló wà nínú ife ẹ̀rín. Gbogbo rẹ̀! Títí kan tèmi, bọ́tìnì aláwọ̀ ewé ńlá tí mo fọwọ́ ara mi ṣà tí mo sì sọ sínú ife ẹkún. Mo rí i níbi tó jókòó sí láàárín àwọn yòókù nínú ife ẹ̀rín.

Mo bi Àǹtí Jẹ́jẹ́. Kò tiẹ̀ fi bò. "Èmi ni mo bá ọ mú un kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, o ò tíì fi omi kan ẹnu, o wá ń fọwọ́ ara rẹ yan ẹkún. Ẹkún ò ní jẹ́ tiwa."

"Àǹtí, èsì ni. Wọ́n kàn ń bèèrè bí iṣẹ́ ṣe rí ni."

"Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, àárọ̀ kùtù sì ni. Èmi ò mọ èyí tí ẹ ń pè ní èsì."

Mo bi àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà lẹnu gbogbo wọn rí. Ta ló máa kọjá níwájú ojú ẹ̀rín lówùúrọ̀, tó máa na ọwọ́ sí ojú ẹkún? Ọ̀kan tiẹ̀ ń fi tirẹ̀ tọrọ ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo rí i pé kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: Inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn sí àyípadà. Nítorí ìdùnnú náà, Ọ̀gá ní kí wọ́n fi kún eré ẹ̀rọ.

Mo gun òkè lọ. Mo ní, "Sà, àdúrà ni wọ́n ń fi bọ́tìnì gbà. Kò sí èsì kankan nínú ife yẹn." Onítáì fọwọ́ ra táì rẹ̀. "Ẹ wò ó, mà, ohun tí a fojú rí la fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí a rò." Mo ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá wo ojú wọn, kì í ṣe ojú inú páálí." Ọ̀gá ní kí n má gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án, mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí mo gbọ́ "Àbúrò, fà á!" Aṣọ ti ká mọ́ rólà, ọwọ́ ẹ̀wù Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti ń tẹ̀ lé e. Mo fò dé ẹ̀yìn, mo fa okùn. Ọwọ́ ẹ̀wù jóná, ara ò jóná. Kò tiẹ̀ rí mi nígbà tó ké. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ń pè, ibi tí mo ti máa ń dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi tábìlì.

Mo ní kó sọ fún Ọ̀gá pé òun ò ṣe é mọ́. Ó ní, "Kí n lọ jókòó sílé kí n máa wo ògiri? Jẹ́jẹ́, Àbúrò. Jẹ́jẹ́ la fi ń ṣe é."

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mi ò jáde. Gbogbo ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá dún, mo máa ń fò dìde. Bàbá ilé ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ọwọ́ Àǹtí Jẹ́jẹ́. Ó bá mi fọ abọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo kó gbogbo wọn jọ sẹ́yìn ibi tí a ń sá aṣọ sí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ojú inú páálí yẹn kò lágbára kankan, ọmọ ènìyàn ló fi bírò yà á. Mo ní ohun tó wà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ ènìyàn ni. Mo ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká sun ẹkún bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, ká má baà sun ẹkún gidi.

Rédíò ní, "Tí ẹkún bá wá dé ńkọ́? Ọrùn ta ló máa wà?"

Mo ní, "Ọrùn mi ni." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ò wárìrì.

Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Mo fẹ́ gbé Rédíò pọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Wọ́n ṣe é! Ife ẹkún kún. Mo dúró sí kọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ bí bọ́tìnì ṣe ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Àwọn kan di ojú kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ẹyọ kan péré ló wà nínú ife ẹ̀rín.

Inú mi dùn fún wákàtí bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

Onítáì ò jókòó. Ó ní nǹkan kì í yí báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan àfi tí ẹnì kan bá rú wọn sókè. Mo ní, "Mo ṣàlàyé fún wọn ni." Ó ní, "Ẹ rí i, sà?" Bí ẹni tó mú olè ló ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó rẹ̀ ẹ́, mo rí i. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹkún. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?"

Mo ní, "Sà, ẹ gba okùn. Ẹ gbàgbé ẹ̀rín, ẹ gbàgbé ẹkún, ẹ ṣáà jẹ́ kí Mẹkáníìkì gbé okùn wá síwájú. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ná."

Ọjọ́rú, 19

Òjò. Aṣọ kò gbẹ, ara mi náà kò gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mi ò lè kọ ọ́ lánàá. Yàrá ọṣẹ ni mo wà, mò ń pín ọṣẹ, torí èmi ni alábòójútó. Mo gbọ́ ọ. "Àbúrò, fà á! Àbúrò, fà á!" Mo sọ ọṣẹ sílẹ̀, mo sáré, mo gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì gígùn, mo yípo ẹ̀rọ méjì kí n tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Rédíò ń fa aṣọ níwájú, ó ń pariwo. Mo fa okùn. Ẹ̀rọ dúró, ṣùgbọ́n Àǹtí Jẹ́jẹ́ ò dákẹ́. Ó ṣì ń pè mí, mo sì ti dé.

Mẹkáníìkì ló tú rólà sílẹ̀. Bó ṣe ń tú u ló ń sọ ọ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Iṣẹ́ ọ̀sán kan. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo." Mi ò fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn mọ́ láyé mi.

Láàárọ̀ òní, kò sẹ́ni tó kí mi. Mo ní ẹ káàárọ̀ o, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìgbà tó yá ni Rédíò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "A ní a ò ṣe. O ní ká ṣe. O ní ká yan ẹkún. A yan ẹkún, ẹkún sì wá. Ṣé inú rẹ ti dùn?"

Mo fẹ́ ní kì í ṣe bọ́tìnì, okùn ni. Ọrùn mi ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti da gbogbo bọ́tìnì padà sínú ìgò. Ẹnì kan ti fi omi ọṣẹ fọ ife ẹkún.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mẹkáníìkì ti gbé okùn wá síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó sì parí kí a tó ṣíwọ́, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ.

Onítáì wá bá mi níbi tí mo ti ń ka aṣọ. Ó ti tú táì rẹ̀, ó ká a sínú àpò. Ó ní òun ò sùn. Mo rò pé ó fẹ́ kí n sọ pé ẹ̀bi òun kọ́. Ọ̀gá tó tẹ̀ lé e ní, "A dúpẹ́ tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ní, "Sà, ọwọ́ tó gbé agbè ńkọ́?" Mo ń retí kó lé mi lọ, kò lé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 30

Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Ìgbà kẹta rèé, ṣùgbọ́n òní ló kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n ti wé ọwọ́ náà, ó tóbi bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Ó ń fi ọwọ́ òsì na aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kó má baà ká. Aṣọ tí àwa la lọ̀ ọ́, mo mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Àǹtí, ọwọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "A dúpẹ́."

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ sọ ọ́ fún Ọ̀gá, èmi nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ fún mi."

Ó yíjú sí fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ń dùn mí, Àbúrò. Ó ń dùn mí débi tí mo fi ń bínú sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín. Ìka mẹ́ta ni mi ò gbúròó wọn mọ́. Mo máa ń lálàá pé à ń ká aṣọ, o fà á, mo sì fẹ́ fà á padà."

Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú.

Ó tún ní, "Bọ́tìnì tó kù nínú ife ẹ̀rín lọ́jọ́ yẹn, tèmi ni. Gbogbo yín ti kọjá sí ìhà ẹkún. Mo ní kí ẹnì kan ṣáà bá wa dúró níhìn-ín."

Ó wá bèèrè bóyá wọ́n ti gbé okùn síwájú. Mo ní wọ́n ti gbé e. "A dúpẹ́," ó tún ní. Èmi ò mọ irú a dúpẹ́ tí ìyẹn jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Wọ́n ti gbé ife kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Onítáì ò wá. Obìnrin tuntun ti wà nídìí ẹ̀rọ Àǹtí Jẹ́jẹ́, ìyàwó ilé kékeré kan, ojú ṣì ń tì í. Kò ga. Mo rí i láàárọ̀ nígbà tó ń gbìyànjú okùn: àfi kó dìde lórí ìka ẹsẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Tí ọwọ́ kan bá wà nínú aṣọ, kò lè débẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń sáré bí wọ́n ṣe fi kún un, kò sẹ́ni tó dín in kù.

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀. Ó dúró láàárín yàrá, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó ní, "Mo ti ṣàṣìṣe. Mo gbọ́ ti bọ́tìnì, mi ò gbọ́ ti ènìyàn. Láti òní lọ, ẹnu la ó máa fi sọ ọ́, òtítọ́ ni mo sì fẹ́." Òótọ́ ọkàn rẹ̀ ló ń sọ. Ojú rẹ̀ ti rù. Ó yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn. "Ẹ sọ fún mi, mà. Ṣé okùn yẹn ti dáa báyìí?"

Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kán ní yàrá kejì. Rédíò ń wò mí, gbogbo wọn ń wò mí, mo sì mọ ohun tí ojú wọn ń sọ: má tún pe ẹkún wá bá wa. Obìnrin tuntun náà ń wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì so pọ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kéré gan-an.

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Okùn ti ga jù, sà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni.

Ẹnu mi ni mo gbọ́ tó ní, "A dúpẹ́, sà."